Ẹ Máa Rìn Bọ̀: Ọdún tí Kámíọ̀ Bàbá Mi Kú

Ibì kan wà ní àgbàlá wa ní Manigri tí koríko kì í hù. Òjò a rọ̀, gbogbo ilẹ̀ yíká a tutù yọ̀yọ̀, àwọn ewúrẹ́ a jẹ koríko títí dé etí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ gan-an a wà bí orí apárí. Epo ló mu yó. Àwọn ọmọ tó wà nínú ilé náà nísinsìnyí ń ta òkòtó níbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ le, ó sì tẹ́jú. Wọn kì í béèrè ohun tó pa koríko ibẹ̀, èmi náà kì í sọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá lọ kí ilé, tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà tí kò sí mọ́, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀, ojú a sì máa tì mí, bí ẹni pé àná ni.

Ilé tí a ti ń fi ìró mọ ènìyàn ni ilé wa. Kí oòrùn tó mú, odó á ti máa dún láti agbolé dé agbolé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, a máa bó iṣu, a sì máa sọ fún wa láìgbójú sókè pé iyán ilé lágbájá ti kúnná, pé ti ilé kejì ṣì ní kókó nínú, pé ìyàwó tuntun ló ń gún ti ọ̀hún yẹn nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù odó. Àwa ọmọdé a sáré lọ wò, a ó sì bá a bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé ọwọ́ ènìyàn kì í fara sin. Ibi yòówù kí ọwọ́ ti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò mọ ẹni tó ni ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ odó nìkan ló ń sọ. Ó di ọdún yẹn kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ti odó nìkan.

Láàárín àwọn ìró wọ̀nyí ni ọ̀kan dé tí Manigri kò ní irú rẹ̀ rí: fèrè kámíọ̀ bàbá mi. Kámíọ̀ la ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń pe mọ́tò akẹ́rù. Iṣu àti òwú ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi tà kí ó tó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Dahomey, ó sì ti gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Múúsá, àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ti bá oníṣòwò kan ṣiṣẹ́ rí, ó mọ̀ ọ́n wà. Òun ni ṣọfẹ́ẹ̀ tó ń wà á. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti ọjà Bassila, yóò fọn fèrè láti ibi odò, Ìyá mi yóò sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé iná. Èmi ni mo máa ń gbé akèrègbè omi lọ pàdé wọn, kí Bàbá Kékeré lè bu omi sí ẹnu mọ́tò tó ń hó bí ìkòkò. Mo ń gbé e lọ tìgbéraga-tìgbéraga. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi a tẹ̀lé mi, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn fọwọ́ kan akèrègbè náà.

Láti ìgbà tí kámíọ̀ náà ti dé ni ìlú ti gbàgbé orúkọ bàbá mi. Ìdìrísù di Bàbá Kámíọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó ránṣẹ́ sí ayàwòrán kan tó ti ìhà Nàìjíríà wá jókòó sí Bassila, ó ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí pákó tó dí ìdí mọ́tò náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ní kí ó kọ ni: Ẹ MÁA RÌN BỌ̀. Ọ̀dà funfun ni ó fi kọ ọ́, ó fi pupa yí i ká. Àwọn tó mọ̀wé ní Manigri kò tó nǹkan nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí pákó náà ń wí, nítorí pé bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń kà á sí wọn létí. Ẹni tó bá ru iṣu lọ sí ọjà Bassila, tí mọ́tò wa bá kọjá lára rẹ̀, tí eruku pupa bá bò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò máa wò lọ títí mọ́tò yóò fi pòórá. Ìyá Àgbà bi í pé ṣé kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn kọ ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní eré lásán ni. Ìyá Àgbà ní bí ó bá jẹ́ eré, kí ó kọ ọ́ sí iwájú, níbi tí òun náà yóò ti máa rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara pákó ló gbé wa ṣubú. Àáró ni. Ní ilẹ̀ wa, ẹnì kan kì í dá kọ ebè iṣu. Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ àáró á péjọ sí oko ẹnì kan, wọn á kọ ebè rẹ̀ tán, ẹni náà á bọ́ wọn yó. Bí ó bá di ọjọ́ mìíràn, wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kan gbogbo wọn. A kì í fi owó san án, a kì í sì í fi ẹnu san án. Ẹni tó bá ti lo ọkọ́ sí oko rẹ, ìwọ náà yóò lo ọkọ́ sí oko tirẹ̀. Bàbá mi kò kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó lọ bá Bàbá Sálífù tó jẹ́ olórí wọn, ó ní iṣẹ́ mọ́tò kò jẹ́ kí òun ráyè gbé ọkọ́ mọ́. Kí wọ́n bá òun kọ ebè òun bí ìṣe, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí wọ́n bá wa iṣu, òun yóò fi mọ́tò kó iṣu gbogbo wọn lọ sí Bassila, ẹnikẹ́ni kò ní fi orí rù ú. Bàbá Sálífù jẹ́ ènìyàn gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó wí pé òun kò tíì gbọ́ àáró tí a fi táyà ṣe rí, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá gbà, òun gbà. Ẹgbẹ́ gbà. Ta ni kò ní gbà? Wọ́n wá kọ ebè bàbá mi, oko tó fẹ̀ ju ti ọdúnkọ́dún lọ. Èmi àti Ìyá mi gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà lọ bá wọn lóko. Bàbá mi wà lábẹ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ọmọdé ni mo fi wò ó, mo sì rò pé bí ọlá ti rí nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo wa là, a ń fi òrí pa á. Wọ́n wa iṣu, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Ti Bàbá Sálífù ló kọ́kọ́ kàn, nítorí ipò rẹ̀. Kò ju ìrìn díẹ̀ lọ tí wọ́n ti kúrò ní ìlú, lórí ọ̀nà tí Kọmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, fi ipá mú àwọn bàbá wa gbẹ́ nígbà kan, ni kámíọ̀ náà ké bí ẹran tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó dúró gbagidi, èéfín funfun bò ó. Àwa tó wà nílé gbọ́ igbe náà. Ìyá Àgbà dá ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Nígbà tí a sáré débẹ̀, Bàbá Kékeré ti ṣí iwájú mọ́tò, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo kànga tí ọmọ jábọ́ sí. Omi ti gbẹ nínú mọ́tò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí pé ihò kan wà nísàlẹ̀ tó ń jò ó dànù. Iná inú rẹ̀ sì ti jẹ ọkàn mọ́tò náà, èyí tí àwọn ṣọfẹ́ẹ̀ ń pè ní mọtẹ́ẹ̀. Mo gbé akèrègbè mi dání. Bàbá Kékeré wò mí, ó ní kí n gbé e lọ sílé, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mọ́.

Wọ́n ní láti tú iṣu Bàbá Sálífù sílẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ìyàwó rẹ̀ kó agbọ̀n dé, wọ́n di ẹrù lé orí, wọ́n forí lé Bassila ní ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe kí mọ́tò tó dé ayé. Èyí àgbà nínú wọn kí bàbá mi pé ó kú ìdúró. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn kí i ni, ṣùgbọ́n bàbá mi kò rí ojú gbé sókè. Lẹ́yìn náà ni ó ku bí kámíọ̀ yóò ṣe dé ilé. Kò sí ohun tí a ó fi fà á. Àwọn ọkùnrin àáró ló wá. Àwọn tí iṣu tiwọn ṣì wà lóko, tí wọ́n ti ń retí mọ́tò, àwọn ni wọ́n ká ìbàǹtẹ́ mọ́ra, tí wọ́n fi èjìká ti ìdí rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n wà, ojú wọn sì kan pákó. Nínú wọn ni Lásísì wà, òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko tirẹ̀ ni. Ó ti lọ sí ilé-ìwé ní Bassila fún ìgbà díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Bí wọ́n ti ń tì, tí òógùn ń bọ́, Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó náà sókè, ọ̀rọ̀ kan sí ìkejì bí ọmọ ilé-ìwé: “Ẹ... máa... rìn... bọ̀.” Ẹnì kan dáhùn pé, “À ń bọ̀ o, Bàbá Kámíọ̀, ẹ má sáré jù, kí a lè bá yín.” Ẹ̀rín mú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wọn fi tú, mọ́tò sì yí padà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n tún fi èjìká tì í. Láti ibẹ̀ dé ilé, ọ̀rọ̀ pákó náà ni wọ́n sọ di orin iṣẹ́: ẹnì kan a dá a, àwọn yòókù a gbè é. Bàbá mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mú bí ẹni pé òun ló ń fà á. Àwọn obìnrin jáde sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ń bẹ níbẹ̀. Mo gbé akèrègbè mi pamọ́ sábẹ́ ìró, omi inú rẹ̀ sì ń dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Báyìí ni kámíọ̀ ṣe dé àgbàlá wa tí kò sì tún jáde fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e sí iwájú àká iṣu, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe, ọmọ ẹ̀yà Anii láti Bassila, wá wò ó. Ó tú u, ó to irin kalẹ̀ sórí àpò, ó fi ìka tẹ ibi tó sán. Ó sọ òótọ́ fún wa, kò ṣe àbùmọ́: ó ní irin tuntun yóò ti ìsàlẹ̀ Dahomey wá, bí a bá rà á, mọ́tò yóò rìn, ṣùgbọ́n òun kò lè búra pé yóò pẹ́. Nígbà tí ó sì sọ iye rẹ̀, Ìyá mi kàn wo ọ̀nà àká, gbogbo wa sì mọ ohun tó rí níbẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ilé náà tó lè tó owó yẹn àfi èbù, iṣu tí a yà sọ́tọ̀ láti gbìn sínú ebè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni oníṣòwò kan láti Alédjo gbọ́ ìròyìn, ó wá, ó ta táyà ní ìpá, ó ní òun yóò ra òkú mọ́tò náà. Ohun tó fẹ́ san kò tó ìdajì ohun tí bàbá mi ná sí i. Ó ní kí wọ́n rò ó, pé irin kì í jẹrà.

Wọ́n rò ó. Oúnjẹ wa ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ń rò ó. Èlùbọ́ ni Ìyá ń rò fún wa, kò gún iyán mọ́, nítorí pé iyán ń ké tantan, ẹni tó ń kọjá á sì mọ̀ pé a ń jẹun. Bàbá mi kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ kírun, yóò pẹ́ kí ó tó dé mọ́ṣáláṣí kí ó má baà pàdé ẹni tí yóò kí i. Ìkíni ló ń bẹ̀rù jù. Èèyàn Manigri kò ní bú ọ. Wọn á kí ọ ni. Wọ́n á ní, “Bàbá Kámíọ̀, ẹ kú àmójúbà ọyẹ́ o, ara mọ́tò ńkọ́?” bí ẹni pé aláìsàn kan wà nílé. Bàbá Kékeré ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n tà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí a bá tún un ṣe, ẹnu wọn á pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí fèrè yẹn tún dún lẹ́ẹ̀kan péré ní ibi odò.” Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀bi ihò omi náà ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe mọ́tò. Ìyá Àgbà ní òun kò mọ nǹkan kan nípa irin, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó se èbù jẹ tí ọdún tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá mi ní òun kò ní se é jẹ, títà ni òun yóò tà á. Ìyá Àgbà ní ikùn mọ́tò àti ikùn ènìyàn, ikùn ni ikùn ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Ohun tó ń dún nínú ilé wa ní àkókò yẹn kò ju epo tó ń kán lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi kó agbọ̀n, ó lọ sí ẹnu àká. Gbogbo wa rí i. Ìyá mi ń gbálẹ̀. Ó jẹ́ obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá àgbàlá. N kò rántí ọjọ́ kan tó ta ko ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀, ó ní, “Bàbá Àbẹ̀ní, ẹ má bínú. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé oko. N kò ní pẹ́.” Èmi ni Àbẹ̀ní. Ó mú mi lọ́wọ́, a sì tẹ̀lé ojú ọ̀nà oko, bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí ó ń rìn lẹ́yìn obìnrin.

Ẹni tí kò bá rí oko ebè nígbà ọyẹ́ kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè dúró bí èrò. Ebè wa tò lọ títí kan igbó, olúkúlùkù pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí wọ́n fi dé e lórí kí oòrùn má baà jó ojú rẹ̀. Ìyá mi wọ inú poro lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan ebè bí a ti ń fọwọ́ kan orí ọmọ. Ní ilẹ̀ wa, àwọn obìnrin tó ń gbé èbù fún agbìn mọ ọwọ́ olúkúlùkù ọkùnrin lára ebè, bí Ìyá Àgbà ti mọ̀ ọ́n lára odó. Ebè ẹnì kan ga, ó mú. Ti ẹlòmíràn a fẹ̀ nídìí. Ti ẹlòmíràn a fì sí ọ̀nà kan nítorí pé ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́. Ìyá mi ní, “Ti Bàbá Sálífù nìyí. Òun náà ló ni èyí. Èyí ti ọkọ Ràbí ni.” Ó ń bá a lọ. Bàbá mi dúró sí etí oko. Nígbà tí Ìyá dé ibi tí ebè kan ti wọ́, tí ó rí kéékèèké, ṣùgbọ́n tí wọ́n di koríko púpọ̀ lé lórí, ó ní, “Lásísì nìyí, ẹ wò ó, kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.” Ó wá dìde dúró, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ kí n fi sílẹ̀ lófìfo?”

Bàbá mi wo oko náà. Mo rí i tí ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀pọ̀ ojú tó ń wo òun náà. Ebè tí kò ní iṣu nínú kì í fara sin. Bí òjò bá dé, ewé iṣu á bo èyí tó kù, òfìfo á yọ bí eyín tó ká. Ojú ọ̀nà oko gbogbo ìlú gba etí oko wa kọjá. Olúkúlùkù tó bá ń lọ sí oko tirẹ̀ yóò rí ebè tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀. Àti pé bàbá mi kò tíì san án. Kò fi mọ́tò san án, kò fi ọkọ́ san án. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà yẹn lọ báyìí, mo sì ti rí ìtìjú oríṣiríṣi. Mo mọ èyí tí àwọn ènìyàn ń fi kàn ọ́, mo sì mọ èyí tó ń ti inú ẹni wá. Èyí àkọ́kọ́ ni bàbá mi ti ń sá fún láti ọjọ́ tí mọ́tò kú. Etí oko yẹn ni ìkejì ti bá a. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú koríko kan tí atẹ́gùn ti gbé kúrò lórí ebè Lásísì, ó dá a padà síbẹ̀, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí a máa lọ sílé.

Ó ránṣẹ́ sí Alédjo. Oníṣòwò náà mú mọ́tò mìíràn wá, ó fi ẹ̀wọ̀n irin so ti wa mọ́ ọn. Bàbá mi kò bá a nájà. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: kí wọ́n bá òun yọ pákó ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín, ó ní pákó kọ́ ni òun fẹ́. Bí wọ́n ti ń fa kámíọ̀ náà jáde, bàbá mi wọ ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ló jáde, ó so gèlè rẹ̀, ó dúró sí ojúde, ó kí àjèjì náà pé kí Ọlọ́run mú un dé ilé láyọ̀, títí mọ́tò fi pòórá. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ sin òkú dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ìlú sá tẹ̀lé e pẹ̀lú ariwo. Bàbá Kékeré náà tẹ̀lé e, ó sì pẹ́ kí ó tó padà, nítorí pé ó bá wọn dé Alédjo, ibẹ̀ ni ó sì ti wá iṣẹ́ ṣọfẹ́ẹ̀. Kò tún gbé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Owó òkú mọ́tò náà ni bàbá mi fi bẹ alábàárù tó bá a kó iṣu àwọn ọkùnrin àáró lọ sí Bassila, títí ó fi tán.

Iṣẹ́ ọkọ́ tí bàbá mi yóò fi padà sínú ẹgbẹ́ wá kù. Ìlànà àáró ni pé ẹni tó bá ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìdí ni yóò ti wọlé padà, lẹ́yìn ẹni tó kéré jù. Oko Lásísì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì gbé oko gbogbo wọn yí kí ó tó kan tirẹ̀. Bàbá Sálífù wá sọ fún un ní ilé wa. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí epo ti mu yó, ó ní, “Ìdìrísù, mi ò lè yí i padà.” Bàbá mi ní òun kò ní kí ó yí i padà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó pe bàbá mi ní orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe Ìyá Àgbà.

Òjò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko. Mo máa ń bá wọn gbé omi lọ. Mo rí bàbá mi tí ó ń ro oko Lásísì, àwọn yòókù ti ro ìpín tiwọn dé òpin, wọ́n ti jókòó sábẹ́ igi, òun ṣì wà láàárín oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ó ń mí bí àgbò. Ẹnì kan ní, “Ẹ fọn fèrè, kí a mọ ibi tí ẹ dé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Àgbà máa ń na ọwọ́ bàbá mi sórí itan ara rẹ̀ bí ọwọ́ ọmọdé, yóò fi òrí pa ibi tó bó. Àtẹ́lẹwọ́ tí ọlá ti mú rọ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ padà. Nígbà kan tí omi gbẹ lẹ́nu bàbá mi lóko, mo gbé akèrègbè lọ bá a láàárín poro, akèrègbè tí mo fi ń pàdé mọ́tò yẹn kan náà. Ó mu, ó da ìyókù sórí ara rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. N kò mọ ohun tó jẹ́. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n báyìí: pé kí ojú má tì mí nítorí òun mọ́.

Pákó ìdí mọ́tò ńkọ́? Ilẹ̀kùn àká ni ó fi ṣe. Ó kàn án mọ́ ọn dáadáa, ṣùgbọ́n ó kọ ojú ọ̀rọ̀ náà sínú. Láti ìta, pákó lásán ni. Àwa tí a ń wọlé lọ mú iṣu, tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa kí ewúrẹ́ má baà wọlé, àwa nìkan ló ń rí i, funfun nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń lọ, ìyípo àáró dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Wọ́n wá, gbogbo wọn, wọ́n kọ ebè fún un, òun náà sì gbé ọkọ́ pẹ̀lú wọn, kò sún mọ́ ìdí igi. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí a wa iṣu tó jáde láti inú ebè ọdún tó kọjá tí kò ṣófo yẹn, Lásísì bá wa rù ú wálé. Ó wọ inú àká lọ láti tò ó, ó sì fa ilẹ̀kùn dé nítorí ewúrẹ́. Bàbá mi dúró ní àgbàlá. Mo rí i tí ó dúró, agbọ̀n iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ó pẹ́ kí Lásísì tó jáde níbi tí ọ̀rọ̀ pákó náà ti kọjú sí i. Àwọn tó kù ń ké pè é pé ṣé ó sùn síbẹ̀ ni, kí ló ń ṣe. Ó jáde, ó ń gbọn eruku kúrò lára, ó wo bàbá mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjú sí wọn.

“Iṣu ni mò ń tò.”

Ìyá mi gbé iyán kalẹ̀. Kí n tó dé ibi tí omi ìfọwọ́ wà, bàbá mi ti gbé akèrègbè náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì ń da omi sí i lọ́wọ́.